ÒKÚTA TÍ Ń SỌ ORÚKỌ: Ìtàn Àwọn Tí Ó Ṣe Ẹ̀dà Òkúta Orí Sàréè, àti Ẹ̀kọ́ Tí Ó Wà Níbẹ̀ fún Ìlú Wa

Ní ọdọọdún tí Ẹgbẹ́ wa bá ń tẹ ìwé yìí jáde ni a máa ń fi ojú-ewé díẹ̀ sílẹ̀ fún ìtàn. Púpọ̀ nínú ìtàn tí a ti ń kà níbẹ̀ jẹ́ ti ìtẹ̀dó, ti ogun àti ti oyè. Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ òkúta orí sàréè ni a fẹ́ sọ. A mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò bi wá pé kí ni ó kan Ẹgbẹ́ Ìlọsíwájú nínú ọ̀rọ̀ itẹ́ òkú. Ìdáhùn wa ni pé ìlú tí kò bá mọ orúkọ àwọn tí ó sùn nínú ilẹ̀ rẹ̀ kì yóò pẹ́ kí ó tó máa jiyàn lórí ẹni tí ó ni ilẹ̀ náà.

Àwọn baba ńlá wa kì í fi òkúta sí orí sàréè. Inú ilé ni wọ́n ń sin àgbàlagbà sí, ẹnu ni wọ́n sì fi ń pa ìrántí rẹ̀ mọ́: nínú oríkì, nínú orúkọ tí a fi sọ ọmọ, nínú egúngún ilé. Níwọ̀n ìgbà tí agbo ilé bá ṣì dúró, tí àwọn ìyàwó ilé sì mọ oríkì í kì, òkú kò tíì parun. Nígbà tí ẹ̀sìn Kristẹni wọ ilẹ̀ wa ní ọ̀rúndún 19, àṣà mìíràn bá a wọlé: itẹ́ òkú ní ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, àti òkúta tí a fín orúkọ sí. Láti ìgbà náà ni ìrántí wa ti pín sí ọ̀nà méjì, apá kan ń bẹ lẹ́nu, apá kan ń bẹ lára òkúta. A mọ̀ pé ẹnu a máa gbàgbé. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fiyè sí ni pé òkúta náà a máa gbàgbé, bí a bá fi í sílẹ̀ fún òjò àti oòrùn. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ kí a jọ wo ìtàn àwọn ènìyàn kan ní òkè òkun, tí wọ́n rí i pé òkúta wọn ń gbàgbé, tí wọ́n sì dìde sí ọ̀rọ̀ náà.

ÀWỌN ÒKÚTA ILẸ̀ NEW ENGLAND

Apá àríwá ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà ni à ń pè ní New England. Níbẹ̀ ni Massachusetts, Connecticut, Rhode Island àti ìpínlẹ̀ mẹ́ta mìíràn wà. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí ó tẹ̀ ẹ́ dó ní ọ̀rúndún 17, tí à ń pè ní Puritan, jẹ́ Kristẹni tí ó le koko. Wọn kò fẹ́ rí ère tàbí àwòrán kankan nínú ilé ìsìn wọn. Ṣùgbọ́n ohun tí wọn kò jẹ́ kí ó wọ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n gbà á láàyè ní itẹ́ òkú. Ara òkúta síléètì, irú òkúta pẹlẹbẹ tí àwọn òbí wa fi kọ́ á, bí, dí ní ilé-ìwé, ni wọ́n fín púpọ̀ nínú wọn sí.

Oríṣi àwòrán mẹ́ta ni ó pọ̀ jù lára wọn, wọ́n sì ń tẹ̀lé ara wọn bí ìran ti ń tẹ̀lé ìran. Ti àkọ́kọ́ ni agbárí òkú tí ó ní ìyẹ́ méjì. Ó ń sọ fún ẹni tí ń kọjá pé ikú ń bọ̀, ọjọ́ ayé kò pọ̀. Nígbà tí ọ̀rúndún 18 ń lọ sí ìdajì, agbárí náà bẹ̀rẹ̀ sí í di ojú ènìyàn, ó sì di kérúbù abìyẹ́, èyí tí ń sọ̀rọ̀ àjíǹde àti ìrètí. Nígbà tí ọ̀rúndún náà ń parí lọ, kérúbù fi àyè sílẹ̀ fún ìkòkò ìrántí àti igi wílò tí ẹ̀ka rẹ̀ wó sílẹ̀ bí ẹni tí ń ṣọ̀fọ̀. Ẹ ó rí i pé ẹni tí ó bá mọ àwòrán wọ̀nyí kà lè mọ bí èrò àwọn ènìyàn náà nípa ikú ti ń yí padà, bí kò tilẹ̀ ṣí ìwé kankan. Ní ọdún 1967, àwọn ọ̀mọ̀wé méjì, James Deetz àti Edwin Dethlefsen, tẹ àròkọ kan jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ka òkúta kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọdún tí ó wà lára rẹ̀, wọ́n sì fi hàn bí àwòrán kan ti ń gòkè tí òmíràn ń rẹlẹ̀. Òkúta ní ọdún lára. Ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ ẹlẹ́rìí tí ó ṣòroó já ní koro.

OBÌNRIN KAN ÀTI ẸRỌ AYÀWÒRÁN RẸ̀

Ṣáájú àwọn ọ̀mọ̀wé wọ̀nyí ni obìnrin kan ti la ọ̀nà. Orúkọ rẹ̀ ni Harriette Merrifield Forbes, ará ìlú Worcester ní Massachusetts. A bí i ní 1856, ó sì kú ní 1951. Ìyá ọlọ́mọ ni, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀, Esther Forbes, sì di òǹkọ̀wé olókìkí. Ìyá yìí a máa gbé ẹ̀rọ ayàwòrán onídígí lọ láti itẹ́ òkú kan sí òmíràn. Ẹ̀rọ ìgbà náà wúwo, dígí rẹ̀ sì lè fọ́ lójú ọ̀nà. Síbẹ̀ ó ń ya òkúta lẹ́yìn òkúta.

Àwòrán nìkan kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó fẹ́ mọ ọwọ́ tí ó gbẹ́ òkúta kọ̀ọ̀kan, nítorí pé púpọ̀ nínú àwọn agbẹ́kùúta náà kò kọ orúkọ ara wọn sí iṣẹ́ wọn. Ìgbà náà ni ó yíjú sí ìwé ogún tí ó wà nípamọ́ ní kóòtù. Nígbà tí ènìyàn bá kú ní ilẹ̀ náà, àwọn tí ó pín ogún rẹ̀ ní láti kọ gbogbo owó tí wọ́n ná sílẹ̀, títí kan owó òkúta, àti ẹni tí wọ́n san án fún. Bí orúkọ agbẹ́kùúta bá ti hàn nínú ìwé ogún ẹnì kan, ìyá Forbes á lọ wo òkúta ẹni náà, á mọ bí agbẹ́kùúta yẹn ti ń fín ojú àti ìyẹ́, á sì fi dá àwọn iṣẹ́ rẹ̀ yòókù mọ̀. Ní ọdún 1927, ó tẹ ìwé kan jáde lórí àwọn òkúta orí sàréè ilẹ̀ New England àti àwọn tí ó ṣe wọ́n láti 1653 dé 1800. Àwọn bíríkìlà, àgbẹ̀ àti aránbàtà tí ayé ti gbàgbé tún padà ní orúkọ.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn mìíràn dìde. Daniel Farber, ará Worcester kan náà, àti ìyàwó rẹ̀, Jessie Lie Farber, ya òkúta fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àkójọ tí ó ń jẹ́ orúkọ wọn, nínú èyí tí àwọn àwòrán ìyá Forbes wà pẹ̀lú, ju 13,500 àwòrán lọ, ó sì kan òkúta tí ó lé ní 9,000. Ó wà lọ́wọ́ American Antiquarian Society, ẹgbẹ́ ìtàn tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Worcester ní ọdún 1812. Ní ọdún 1977, àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí jẹ lógún dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀, Association for Gravestone Studies.

BÉBÀ ÀTI ÌDA

Ọ̀nà kejì tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀dà òkúta ni kí a fi bébà pa á. Ann Parker àti ọkọ rẹ̀, Avon Neal, lókìkí fún èyí láti nǹkan bí ọdún 1960 lọ. Iṣẹ́ náà rọrùn láti ṣàlàyé. A ó tẹ́ bébà fẹ́lẹ́ tí ó lágbára sí ojú òkúta, a ó dè é kí ó má ṣe yẹ̀, a ó wá fi ìda dúdú pa á jẹ́jẹ́. Ibi tí òkúta bá yọ sí yóò dúdú, ibi tí a fín wọ inú yóò funfun. Ọmọ tí ó bá ti fi bébà bo kọ́bọ̀ rí, tí ó fi pẹ́ńsù pa á títí àmì ara rẹ̀ fi jáde, ti ṣe irú iṣẹ́ yìí. Àǹfààní rẹ̀ ni pé bí òkúta ti tóbi tó ni ẹ̀dà rẹ̀ yóò tóbi tó, a sì lè gbé e kọ́ ara ògiri kí gbogbo ìlú wò ó.

Ṣùgbọ́n ó ní ewu. Òkúta tí ó ti gbó a máa ṣí ní ìpele ìpele bí ìsépo àlùbọ́sà. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó lè já. Ìda lè wọ inú rẹ̀. Àwọn kan tilẹ̀ ń fi ọṣẹ ìfárùngbọ̀n kùn ún kí lẹ́tà lè hàn, wọn kò mọ̀ pé ohun tí ó wà nínú ọṣẹ náà ń jẹ òkúta. Nígbà tí àwọn ènìyàn wá pọ̀ jù tí ń fi bébà pa òkúta, ìlú Boston fi òfin dè é ní àwọn itẹ́ òkú rẹ̀ àtijọ́. Àwòrán ni a gbà nímọ̀ràn jù nísinsìnyí. Ọgbọ́n tí ó wà nínú rẹ̀ ni ti ìmọ́lẹ̀: bí oòrùn bá kọjú sí òkúta gan-an, lẹ́tà kì í hàn; bí ó bá gba ẹ̀gbẹ́ kọjá lórí rẹ̀, òjìji á wọ inú lẹ́tà, gbogbo rẹ̀ á sì yọ kedere. Níbi tí oòrùn kò bá gba ẹ̀gbẹ́ wá, Farber a máa fi dígí ńlá darí ìmọ́lẹ̀ sí i.

POMPE STEVENS ÀTI ARÁKÙNRIN RẸ̀

Bí ìtàn yìí bá jẹ́ ti òyìnbó nìkan, à bá ti dá a dúró síbí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a lọ sí Newport, ìlú èbúté ní Rhode Island. Ní ọ̀rúndún 18, ọkọ̀ ìlú yìí a máa wá sí etíkun Áfríkà láti ra ẹrú. Ní ìlú náà ni John Stevens dá ilé iṣẹ́ agbẹ́kùúta sílẹ̀ ní 1705. Ilé iṣẹ́ náà kò tíì kú di òní. Apá kan nínú itẹ́ òkú gbogbogbòò ìlú náà jẹ́ ti àwọn ọmọ Áfríkà, ẹrú àti òmìnira. God's Little Acre ni à ń pè é, èyí tí í ṣe Ilẹ̀ Kékeré Ọlọ́run. Fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 300 òkúta ni ó wà níbẹ̀, kò sì wọ́pọ̀ ní gbogbo Amẹ́ríkà kí òkúta àwọn Áfríkà ìgbà ẹrú pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ní ojú kan.

Ọ̀kan wà láàrin wọn tí ó yẹ kí gbogbo ènìyàn dúdú mọ̀. Òkúta náà sọ pé Pompe Stevens ni ó gbẹ́ òun ní ìrántí arákùnrin rẹ̀, Cuffe Gibbs, tí ó kú ní ọjọ́ 27 oṣù December, 1768, nígbà tí ó jẹ́ ẹni 40 ọdún. Gbólóhùn kan péré ni, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ẹrú ni Pompe, ọ̀dọ̀ ìdílé Stevens ni ó ti kọ́ iṣẹ́ òkúta, orúkọ wọn ni ó sì ń jẹ́. Arákùnrin rẹ̀ ń jẹ́ Gibbs, nítorí pé olówó mìíràn ni ó ni í. Orúkọ àkọ́kọ́ rẹ̀, Cuffe, ni Kofi tí àwọn Akan ilẹ̀ Gánà ń sọ ọmọkùnrin tí a bí ní ọjọ́ Ẹtì. Òwò ẹrú ti fún àwọn méjèèjì ní orúkọ ìdílé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó bá ka ìwé àwọn olówó wọn kò ní mọ̀ pé ẹbí ni wọ́n. Pompe mú irin, ó sì kọ ọ́ sí ara síléètì pé arákùnrin mi nìyí. Ó kọ orúkọ ara rẹ̀ pẹ̀lú, ohun tí púpọ̀ nínú àwọn agbẹ́kùúta òyìnbó ìgbà rẹ̀ kò ṣe.

Ilẹ̀ New England a máa tutù. Omi òjò a wọ inú ibi tí òkúta ti sán, á di yìnyín níbẹ̀, á sì fẹ̀ ẹ́ sí i. Bẹ́ẹ̀ ni òkúta ṣe ń kú díẹ̀díẹ̀ lọ́dọọdún. Bí ojú òkúta Cuffe bá já lulẹ̀ ní ọ̀la, ìbátan àwọn méjèèjì kò ní parun, nítorí pé a ti ya àwòrán rẹ̀, a sì ti kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀.

Ohun kan ṣì kù ní Newport tí ó kan àwa ọmọ ẹgbẹ́. Ní ọdún 1780, àwọn Áfríkà ìlú náà dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Free African Union Society. Wọ́n ń ran ara wọn lọ́wọ́, wọ́n ń bójú tó ìsìnkú, wọ́n sì ń kọ ọjọ́ ìbí, ìgbéyàwó àti ikú àwọn ènìyàn wọn sílẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú wọn ni Newport Gardner, tí orúkọ rẹ̀ láti ilé jẹ́ Occramar Marycoo. Ó rí òmìnira, ó sì wọ ọkọ̀ padà sí Áfríkà, sí Liberia, ní 1826, lẹ́yìn tí ó ti di arúgbó. Bí àwọn tí a mú ní ẹrú bá lè pa ìwé òkú wọn mọ́, kí ni àwa ọmọ onílẹ̀ yóò wí?

Ọ̀DỌ̀ TIWA

Kò ṣe àjèjì ní ilẹ̀ Yorùbá kí a gbẹ́ òkúta. Ní Èsìẹ́, ère òkúta tí ó lé ní 800 wà níbẹ̀. Ní 1933 ni ìròyìn wọn bẹ̀rẹ̀ sí í kàn káàkiri, wọ́n sì ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé síbẹ̀ ní 1945, àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ère náà ni orí wọn ti ṣẹ́. Ní 1978 ni Phillips Stevens tẹ ìwé jáde lórí wọn pẹ̀lú àwòrán, kí ẹni tí kò lè dé Èsìẹ́ lè rí wọn.

A mọ̀ pẹ̀lú bí ẹ̀dà ti ń gba ìtàn là. Alàgbà Samuel Johnson parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, ó fi í ránṣẹ́ sí ìlú òyìnbó, ìwé náà sì sọnù. Ó kú ní 1901 láì rí i. Àwọn àkọsílẹ̀ tí ó kù nílé ni àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, fi tún ìwé náà kọ, tí a fi tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921. Bí kò bá sí ẹ̀dà, kí ni à bá máa kà?

Ẹ̀wẹ̀, a rí ohun tí àìṣe ẹ̀dà ń fà. Ní itẹ́ òkú Ajẹ́lẹ̀ ní Èkó ni wọ́n sin Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther sí nígbà tí ó kú ní ọjọ́ 31 oṣù December, 1891. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ńlá Èkó ti ọ̀rúndún 19 ni wọ́n sin síbẹ̀ pẹ̀lú. Nínú àwọn ọdún 1970 ni wọ́n wó itẹ́ òkú náà láti fi ilẹ̀ rẹ̀ ṣe ilé iṣẹ́ ìjọba. Bíṣọ́ọ̀bù ní ibi ìrántí ní Kàtídírà tí ó wà ní Marina, nítorí pé gbogbo ayé mọ̀ ọ́n. Ẹni tí gbogbo ayé kò mọ̀ ńkọ́? Ìyá oníṣòwò, káfíńtà, olùkọ́, ọmọdé tí àrùn pa? Bí ẹnikẹ́ni kò bá da ọ̀rọ̀ òkúta irú wọn kọ, ibi tí òkúta bá parí sí ni orúkọ wọn parí sí.

OHUN TÍ A FI SÍWÁJÚ ẸGBẸ́

Ní ìlú tiwa, òkúta àwọn onígbàgbọ́ àkọ́kọ́ ń rì sínú ilẹ̀. Sìmẹ́ǹtì ni a fi ṣe púpọ̀ nínú wọn, lẹ́tà ara rẹ̀ ò sì jinlẹ̀. Ewédò ti bo òmíràn. Àwọn tí ó lè sọ ẹni tí ó sùn síbẹ̀ ń dín kù lọ́dọọdún. Nítorí náà ni a fi ìmọ̀ràn wọ̀nyí síwájú ìpàdé Ẹgbẹ́.

Èkíní, kí a kọ́kọ́ gba àṣẹ: lọ́wọ́ ìjọ, lọ́wọ́ olórí ẹbí, àti lọ́wọ́ Kábíyèsí. Àwọn kan wà tí kò fẹ́ kí a máa ya sàréè. Kí a má ṣe fi ipá mú wọn. Èkejì, kí a fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ àti omi lásán nu òkúta. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe lo irin tàbí kẹ́míkà. Ẹ̀kẹta, kí àwọn ọ̀dọ́ tí ó ní fóònù ya àwòrán ní òwúrọ̀ tàbí ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí oòrùn bá gba ẹ̀gbẹ́. Òkúta tí ó bá le dáadáa nìkan ni kí a fi bébà pa. Ẹ̀kẹrin, kí a da gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó wà lára òkúta kọ bí ó ti wà gan-an, bí a tilẹ̀ rò pé agbẹ́kùúta ṣi lẹ́tà kọ, kí a sì kọ ọjọ́ àti orúkọ ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ náà. Ìkarùn-ún, kí a fi ẹ̀dà kan sí ààfin, ọ̀kan sí ilé-ìwé, kí ọ̀kan sì wà lọ́wọ́ ẹ̀ka Ẹgbẹ́ lókè òkun.

Ìmọ̀ràn kan kù tí ó tóbi ju èyí lọ. Òkúta kò mọ ju ẹni tí ẹbí rẹ̀ rówó ra òkúta lọ. Àwọn Mùsùlùmí wa kì í sábà kọ orúkọ sí sàréè, àwọn tí a sin sínú ilé kò sì ní òkúta rárá. Bí a bá ka òkúta nìkan, a ó fi ìdajì ìlú sílẹ̀. Nítorí náà, bí àwọn kan bá ti ń lọ sí itẹ́ òkú, kí àwọn mìíràn máa lọ sí agbo ilé pẹ̀lú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀, kí wọ́n gba oríkì lẹ́nu àwọn ìyá wa, kí wọ́n sì bi àwọn baálé léèrè yàrá tí baba ńlá wọn sùn sí. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní òkè òkun, owó bébà àti ti ẹ̀rọ kò pọ̀ jù fún yín. Àti pé ní ọjọ́ kan, ọmọ yín tí a bí sí Lọ́ńdọ̀nù tàbí sí Houston yóò bèèrè ibi tí baba ńlá rẹ̀ wà. Ẹ jẹ́ kí ó rí ìdáhùn.

Pompe Stevens kò ní ju irin ìgbẹ́kùúta àti òkúta kan lọ, ó sì fi wọ́n dá arákùnrin rẹ̀ padà sínú ẹbí. Ohun tí ó wà lọ́wọ́ tiwa pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ìlú wa máa tòrò, kí ó sì máa lọ síwájú. Àṣẹ.